Fídíò Tí Kò Sí Bọ́ọ̀lù Nínú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Fẹ̀hìntọlá Adélékè jẹ́, kí ó bi í ní ìbéèrè kékeré kan, kí ó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dáhùn. Bí o bá bi í bóyá òjò rọ̀ lánàá, yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ pé apá ibo ní Houston ni ò ń sọ. Kì í sọ ohun tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí. Ìwà yìí ni ó mú kí wọ́n gbé iṣẹ́ ìdájọ́ lé e lọ́wọ́ nínú eré kan tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ̀ kò gbá rí.

Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá náà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta, òun náà ni ó sì máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láti kọ iye ayò tí àwọn ọmọ bá jẹ nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Fẹ̀hìntọlá a máa jókòó tì í, a máa bá a gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù. Nígbà tí ó dé Houston ní ọdún 1994, tí ó sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Harlow, pápá bésíbọ́ọ̀lù ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Ó ń jẹun ọ̀sán, ó ń wo eré, eré náà kò yé e. Ohun tí kò bá yé Fẹ̀hìntọlá kì í fún un ní ìsinmi. Ó ra ìwé òfin eré náà, ó kà á ní àkàtúnkà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹrin, òun ni ó wà nínú yàrá kékeré tí ó wà lókè ìjókòó àwọn òǹwòran, tí ó ń kọ ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú pápá sínú ìwé. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó fi ṣe é.

Iṣẹ́ náà ju ìwé kíkọ lọ. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹni tí ó bá fi igi lu bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré dé béèsì kìíní kí bọ́ọ̀lù náà tó dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lílù rẹ̀ tàbí eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé e dé ibẹ̀, híìtì ni wọn yóò kọ fún un, ògo rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ pápá, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ìbá tẹ ẹni tí ń sáré ká ní bọ́ọ̀lù náà kò bọ́, àṣìṣe ni wọn yóò kọ, ẹni tí ó sáré náà kò sì ní ògo kankan níbẹ̀. Ta ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́? Ẹnìkan ṣoṣo ni, ẹni tí ó wà nínú yàrá òkè.

Ní ọdún yìí ni ó pé ọgọ́ta ọdún tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Harlow ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Ìgbìmọ̀ kan kéde pé kí gbogbo ẹni tí ó kàwé tàbí tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí dìbò yan ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jùlọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, wọn yóò sì ya àwòrán onítọ̀hún sára ògiri pápá. Kò pẹ́ tí ó fi ku orúkọ méjì. Èkínní ni Nathan Krenek, ọmọ Rosenberg, tí ó gbá eré níbẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Èkejì ni Táyéwò, ọmọ Ìyá Ìbejì, tí òun àti Fẹ̀hìntọlá jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n ní híìtì nínú eré mọ́kànlélọ́gbọ̀n léraléra. Kò sí ẹni tí ó kọjá ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ìparí ìdìbò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àríyànjiyàn náà wọ gbọ̀ngàn ìjọ, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn.

"Kí la tún ń jà sí?" Adéolú, olórí akọrin, ló sọ bẹ́ẹ̀, tòun ti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu. "Táyéwò ni! Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, àfi bíi pé wọ́n dáná sí i nídìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ nìkan kọ́ o." Jayden ni ó dá a lóhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí sí Houston, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. "Ọdún mẹ́rin ni Nathan fi gbá a. Ọdún méjì péré ni bọ̀ọ̀dá Táyéwò. Ẹ wo nọ́ńbà."

"Nọ́ńbà kọ́, nọ́ńbà ni! Nígbà tí Nathan ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣé wọ́n ti bí ẹ? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ti bí bàbá ẹ?"

"Wọ́n ti bí wọn, sà. Ẹ̀yin àtàwọn lẹ jọ wà ní kíláàsì kan náà."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn. Adéolú gbé mọ́ínmọ́ín mì, ó nu ẹnu.

"Ó dáa. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún Nathan, mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún Táyéwò. Ìkejìlélọ́gbọ̀n ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ wa ni."

Kò wo apá ibi tí Fẹ̀hìntọlá jókòó sí. Àwọn yòókù ni wọ́n wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà pẹ̀lú. Ní ẹnu ọ̀nà ìjọ ní òwúrọ̀, Adéolú tẹrí ba fún un, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín ni ọmọ wa wà lónìí o," àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sán, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Táyéwò kò tíì ní híìtì kankan. Ní ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ó lu bọ́ọ̀lù kan tí ó ń yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ sí ẹni tí ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Táyéwò ti dé béèsì. Gbogbo ojú gbé sókè sí yàrá kékeré náà. Fẹ̀hìntọlá kọ ọ́ pé àṣìṣe ni, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe dúró sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹnìkan sọ nígbà náà pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìyá Ìbejì kò sọ ọ́ lójú Fẹ̀hìntọlá rí. Ó ń kúnlẹ̀ kí Fẹ̀hìntọlá bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò pè é lórí fóònù mọ́, kò sì jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ nínú ìjọ.

Ohun kan wà tí Fẹ̀hìntọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù náà bọ́, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ibi tí Táyéwò dé. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni wọn yóò sọ bí mo bá kọ híìtì fún ọmọ wa? Ó gbọ́ ìbéèrè náà ketekete nínú orí ara rẹ̀, ó sì kọ àṣìṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fẹ́ mọ̀: ṣé bọ́ọ̀lù ni òun dá lẹ́jọ́ ni, àbí ìbẹ̀rù ni ó bá òun dá a?

"Ṣé kò sí fídíò ni?" Jayden béèrè.

"Fídíò?" Adéolú pòṣé. "Ìyá Ìbejì ló yà á. Mo ti wò ó. Táyéwò nìkan ló wà ńbẹ̀! Ọmọ wọn ń gbọn igi, ọmọ wọn ń nu imú, ọmọ wọn ń sáré. Ta ló ń ya bésíbọ́ọ̀lù láìya bọ́ọ̀lù?"

"Àbí wọ́n ya ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni?"

"Ẹsẹ̀ lásán!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá ti gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Ìwé òfin kò béèrè bóyá bọ́ọ̀lù bọ́ nìkan. Ó béèrè pé, bí kò bá bọ́, ǹjẹ́ ọwọ́ ìbá tẹ ẹni tí ń sáré náà bí? Ìbéèrè nípa ẹsẹ̀ ni. Bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi òun ní nǹkan kan. Bí òun bá lọ wò ó, ó ṣeé ṣe kí òun rí ohun tí yóò ba iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún jẹ́ lójú ara òun. Ó rò ó títí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti mọ̀ borí.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó gba òpópónà 45 lọ sí League City. Ìyá Ìbejì, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ọmọ́yẹni, ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ tìyanu-tìyanu.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Fídíò yín ni mo wá wò."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ẹ mọ̀."

Ìyá Ìbejì sún sẹ́yìn kí ó lè wọlé. "Kò sí bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀ o. Gbogbo ayé ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán."

"Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni mo wá wá."

Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Nínú fídíò náà, ohùn Ìyá Ìbejì ni ó bo gbogbo ariwo mọ́lẹ̀: "Táyé, gbórí sókè! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Igi dún. "Sáré! Ọmọ mi, sáré!" Kámẹ́rà kò dúró wo ibi tí bọ́ọ̀lù gbà, ó tẹ̀ lé Táyéwò bí ìyá adìyẹ ti ń tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn ẹnìkan tí ó wọ aṣọ búlúù já wọ inú àwòrán, ó sì dí i lójú. "Ta nìyí? Kúrò níwájú mi, jọ̀ọ́! Ọmọ mi ni mò ń yà!"

Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bojú. "Ẹ má dá mi lóhùn, mà. Bó bá ti dé ibẹ̀ báyìí, inú ló máa ń bí mi, mi ò kì í wò ó. Alára bí ògiri yẹn!"

"Ibo lẹ jókòó sí lọ́jọ́ yẹn?"

"Lẹ́yìn béèsì kẹta, lẹ́bàá ọgbà. Òòrùn ò pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ dá a padà díẹ̀. Ẹ dá a dúró."

Alára bí ògiri náà ni ẹni tí ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀, bọ́ọ̀lù kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò tíì mú un. Lókè ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ náà, ní ọ̀nà jíjìn, Táyéwò hàn gbangba. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni ó kù fún un láti dé béèsì. Kò sí ẹ̀dá tí ó lè nàró, kí ó ju bọ́ọ̀lù kọjá gbogbo pápá náà, kí ó sì ṣáájú ìṣísẹ̀ méjì.

Fẹ̀hìntọlá wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun tí ó kọ́kọ́ dé bá a kì í ṣe ìtìjú. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀gún tí ó ti pẹ́ nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bá jáde, tí ènìyàn sì kọ́kọ́ gbé e sọ́wọ́ láti wo bí ó ti gùn tó.

"Híìtì ni," ó wí.

"Mà?"

"Híìtì ni. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi kọ ohun tí mo kọ."

"Ẹ̀rù ta ni?"

"Ẹ̀rù gbogbo yín. Àti ti àwọn òyìnbó tó jókòó nísàlẹ̀. Mo ní wọ́n á sọ pé torí pé ọmọ wa ni."

Ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìbejì di ìgúnpá rẹ̀ mú.

"Háà, mà! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Àgbà bíi tiyín!" Ó fà á jókòó, òun náà jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ọdún mẹ́rìndínlógún! Mo mà ti sọ ọ́, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó!" Ó ti gbé fóònù. "Táyé! Màmá Adélékè wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní híìtì ni!"

"Kí ló jẹ́ híìtì?" Ohùn Táyéwò wá láti Baytown, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo.

"Bọ́ọ̀lù ẹ!"

Fẹ̀hìntọlá gba fóònù, ó ṣàlàyé ohun tí ó rí àti ohun tí ó bà á lẹ́rù. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kò ṣeé yí padà mọ́, nítorí pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni òfin fi sílẹ̀ fún un lẹ́yìn eré. Ṣùgbọ́n ìdìbò kò ní parí títí di ọjọ́ Ajé. Òun yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lónìí, òun yóò sì sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ lọ́la lójú Adéolú.

Táyéwò rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi gan-an, Nathan ni mo dìbò fún."

Ìyá Ìbejì já fóònù gbà. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! O dìbò fún ta?"

"Ọdún mẹ́rin ni Nathan fi gbá a, mọ́mì—"

"Ṣé Nathan ni mo fún lọ́mú ni?"

Nígbà tí fóònù fi padà sọ́wọ́ Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn Táyéwò.

"Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé mo ti dé ibẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ, mo ní bí Màmá Adélékè bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kì í parọ́. Títí tí mo fi kúrò ní Harlow, mi ò gba ẹsẹ̀ ara mi gbọ́ mọ́."

Fẹ̀hìntọlá ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, kò múra sílẹ̀ fún èyí.

"Mà, ẹ sọ fún mi," Táyéwò béèrè, bí ẹni tí ń yọ́ wọlé. "Ibo gan-an lẹsẹ̀ mi wà?"

Fẹ̀hìntọlá fi ọwọ́ sọ fún Ìyá Ìbejì kí ó dá fídíò náà padà sí ibi tí igi ti dún, kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí tí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Má pa fóònù o," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ Táyéwò sí i létí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.