Nígbà Tí Alájọ Bẹ̀rẹ̀ Sí í Gbé Owó Wá

Alájọ ti fun fèrè ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu géètì, Màmá ṣì ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n di ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ń tú kókó etí ìró wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Èmi ni mo mú káàdì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ni mò ń gbé ní Iba, nítorí Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti ń ta aṣọ. Alájọ gba owó, ó fa ìlà kékeré sí ojú ọjọ́ náà lórí káàdì, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ ẹ tà lónìí o, Màmá."

Màmá ní, "Àmín, ọmọ mi."

Wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n ń tà.

Kẹrosíìnì ni wọ́n tà ní Okokomaiko látìgbà tí ìyá mi ti wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ń dún tí wọ́n bá ń rọ ọ́ gba inú àrọ sínú ìgò, gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀, títí ohùn náà á fi tínrín, tí Màmá á sì gbé ọwọ́ sókè gẹ́lẹ́ bó bá ti kan ọrùn ìgò. Bí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn rẹ̀ á ṣì wà lára ẹ̀bà tí wọ́n bá bù fún mi. Orúnkún ló lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé gálọ́ọ̀nù, wọn ò lè dìde mọ́, àwọn kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì méjì ló wá gbé wọn nílẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n kó gbogbo owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá sí báńkì kan l'Ọ̀jọ́, wọ́n sì wá dúró sílé.

Àmọ́ wọn ò jáwọ́ nínú àjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, a óò fẹsẹ̀ rìn láti Iba dé ìkóríta Okokomaiko, kí wọ́n má baà san owó ọ̀kadà. Màmá á jókòó sétí gọ́tà bí ìgbà mẹ́rin ká tó dé. A óò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí báńkì, wọ́n á gba owó jáde, wọ́n á dì í mọ́ etí ìró. Owó yẹn ni wọ́n ń fún alájọ láràárọ̀. Bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀ bí gbogbo alájọ ṣe ń ṣe, á kó ìyókù fún Màmá, Màmá á sì gbé e padà lọ sí báńkì. Owó wọn ni wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀, wọ́n tún ń san owó ọkọ̀ fún un. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí láti máa wò ó.

Ohun tí a ń jẹ kò sì kọjá gààrí. À ń mu ún láàárọ̀, à ń fi í tẹ ẹ̀bà ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹja ṣáwá kan tí a óò pín sí méjì. Dókítà ti ní kí Màmá máa wá gba abẹ́rẹ́ sí orúnkún. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n tì í sábẹ́ fóòmù. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, wọ́n á kọ́kọ́ pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sówó ni.

Wọ́n ní, "Owó wà. Kì í ṣe owó jíjẹ nìyẹn."

Alájọ yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ilé ló ti máa ń gba owó lọ́wọ́ Màmá kí wọ́n tó lọ sọ́jà, nítorí náà kò tètè mọ̀. Ìgbà tó lọ ra kẹrosíìnì ní Okokomaiko tó bá ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù ló tó fura. Lọ́jọ́ kejì, kò fun fèrè. Ó pa ọ̀kadà, ó wọlé wá.

"Màmá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀."

"O ò bi mí."

"Owó wo wá lẹ ń fún mi?"

Màmá mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá. "Owó mi ni."

"Èyí tó wà ní báńkì? Háà! Tí mo wá ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣooṣù! Màmá, ẹ fẹ́ kó mi sí wàhálà lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

"Ṣebí iṣẹ́ rẹ lo ṣe."

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká reverse ẹ̀."

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí Màmá gbé owó oṣù kan fún òun lẹ́ẹ̀kan náà. Òun á máa gbé ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wá láràárọ̀, òun á sì máa fa ìlà sórí káàdì. Ṣùgbọ́n bí òun bá dé tí ti àná kò tíì tán, òun ò ní fún wọn ní ti òní.

Mo rò pé Màmá á lé e jáde. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wá bi í pé ṣé á máa wá lójoojúmọ́ lóòótọ́.

"Màá máa wá."

"Kódà bí òjò bá ń rọ̀?"

"Kódà bó ń rọ̀, Màmá."

Wọ́n gbà. Bí mo ṣe rò ó báyìí, ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ san owó ọjọ́ kan fún alájọ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni pé kí ẹnì kan ṣì máa bi wọ́n léèrè ọjà láàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Lọ́jọ́ kejì, pọ̀nmọ́ díẹ̀ ni wọ́n rà, ìyókù owó wà lọ́wọ́. Alájọ wò ó, ó tan ọ̀kadà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá fi ìbínú jókòó. "Ṣé owó mi lọmọ yìí fi ń ṣe yànga sí mi?" Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó ṣéńjì pa mọ́ sínú agolo mílíìkì, wọ́n ní ó ti tán. Alájọ kọjú sí mi.

"Àbúrò, ṣé ó tán?"

Màmá ṣẹ́jú sí mi. Mo rántí ẹja tí à ń pín sí méjì, mo ní, "Ó wà nínú agolo."

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá iwájú ń dín ẹyin, òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ilé. Màmá ní, "O rò pé ahun ni mí."

Mo ní, "Rárá, mà."

"Nígbà tí mò ń tà, bí mo bá ná an lónìí, ọ̀la á mú òmíràn wá. Èyí tí mo bá ná báyìí, ó lọ nìyẹn. Mi ò lè wá òmíràn mọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn pé ó rẹ̀ wọ́n, àní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn nílẹ̀. Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn àwọn ọmọ yunifásítì fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Dìde, lọ gbé agolo yẹn wá. Lọ ra ẹyin. Ra mẹ́rin."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ owó níná nìyẹn. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà dé ìkóríta, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ odidi ẹja. Wọ́n ra fóòmù tuntun, ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ilẹ̀ ni wọ́n ṣì sùn. Wọ́n tún lọ gba abẹ́rẹ́ náà. Dókítà bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí. Orúnkún ọ̀tún dẹ̀, ti òsì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi jẹ owó ara wọn. Wọ́n kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí àga. Owó ṣì pọ̀ ní báńkì, òun la fi sin wọ́n. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń bèèrè ẹran kejì, wọ́n sì jẹ owó náà tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń bí mi.

Mo ti dàgbà báyìí. Iba ni mo ṣì ń gbé, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé ìwé kan. Bí owó oṣù mi bá ti wọlé, n kì í jẹ́ kó pẹ́ kí n tó tì í síbi tí ọwọ́ mi ò ti ní tètè tó o. Eyín ẹ̀yìn kan ti ń dùn mí láti bí oṣù mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo fi ń jẹun. Oṣooṣù ni mo ń sọ pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀, màá lọ tọ́jú ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ní mo jọ Màmá, wọ́n rò pé ojú lásán ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kan l'Ọ̀jọ́. Wọ́n pe iye tó jẹ́ fún mi. Ó wà lọ́wọ́ mi, á sì ṣẹ́kù. Mo ti ní, "Ẹ ṣé, mò ń padà bọ̀," mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, kó tó wá rẹ̀ mí, àárẹ̀ gidi, bíi pé mo ti ń rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo padà síwájú káńtà. Wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì mi, mo tẹ̀ ẹ́. Owó mi ni, ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn bíi pé mò ń jí i.