Ọtí Orí Òkè Tó Sọ Eyín Mi Di Dúdú

Èmi ni mo jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹni tó bá gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ènìyàn, kí ọkàn ẹni tó fẹ́ mu ún lè balẹ̀. Mo ti mọ àṣà yìí láti kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá pe gbogbo ilé jọ pé kí wọ́n wá wo ẹni tó ń tọ́ ọtí wò, gbogbo ilé ni yóò mu nínú rẹ̀, igò kan ṣoṣo sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá nìkan ṣí i.

Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e wá. Bàbá ọmọ náà ti kú, èmi ni wọ́n ní kí ó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ajẹntínà, ó sì ń ṣàlàyé pé Màlíbẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń pe ọtí náà, pé orí òkè kan tó ga ju òkè Àdó lọ fíìfíì ni wọ́n ti ń gbin àjàrà rẹ̀. Ó ní oòrùn ibẹ̀ ń jó ni lọ́sàn-án, òtútù a sì máa mú ni wọ eegun lóru, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí èèpo èso náà nípọn, tí ọtí rẹ̀ fi ń dúdú. Ó sọ ọ́, n kò gbọ́. Igò ni mò ń wò.

Nígbà tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ kí àwọn ará ilé kejì, mo gbé igò wọ yàrá. Ìdérí rẹ̀ dà bí èèpo igi, kò ṣe é fi eyín ṣí, mo bá fi ìdí ṣíbí tì í wọnú ọtí. Mo bu ife kan. Ó kọ́kọ́ dùn bí èso oóri tó pọ́n dúdú, lẹ́yìn náà ó fa ahọ́n mi pọ̀ bí kajú tí kò tíì gbó. Mo bu ife kejì kí ó lè dá mi lójú. Ìkẹta, n kò rántí ìdí tí mo fi bù ú.

Mo jáde, mo yọjú sínú dígí ọ̀kadà mi láti wò ó bóyá ojú mi ti pọ́n. Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi. Ẹni tó rẹ́rìn-ín padà sí mi, òkú ni: ètè dúdú, eyín dúdú, ahọ́n bí èédú.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọkùnrin tó ń pa paramọ́lẹ̀ nínú ebè iṣu ni mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo sá fún eyín ara mi. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo gbé igò epo pupa sẹ́nu, nítorí epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Mo wá lọ tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, kí wọ́n má baà wá òkú mi tì. Ibẹ̀ ni mo ti fi igbe bọ ẹnu pé àna ti pa mí, pé n kò fọmọ fún un mọ́, kódà bí mo bá kú, n kò fọmọ.

Wọ́n sáré dé. Ọmọ wa bú sẹ́kún. Ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ọtí náà, pé bó ṣe ń kun eyín nìyẹn. Ó lọ gbé igò ọtí ní yàrá, ó mu nínú rẹ̀, ó la ẹnu kí n wò ó. Ẹnu tirẹ̀ náà ti dúdú. Mo ní ó tán nìyẹn, ó ti di òkú méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó pọ̀n mí dàgbà, ló wá tẹ ọ̀pá wọlé. Ohun tó bá sọ labẹ́ gé nílé wa. Ó ní kí n la ẹnu. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo kúrò ní àgbọ̀n mi, ó gba igò lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, òun náà gbé e sẹ́nu. Ó rọra gbé e mì.

Ó ní, "Nígbà tó o máa ń jẹ oóri lóko, bí ẹnu rẹ ṣe máa ń dúdú nìyí, tí wàá máa ké pé o ti kú. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́ títí wàá fi gbà pé o kò kú. Ẹ̀yìn mi kò lè gbé ọ mọ́ báyìí. Dìde, fún ọmọ ọlọ́mọ níyàwó rẹ̀, kó o lọ fọ eyín."