Kọ́tìnì Yàrá Ìbò

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè ti gba ìlú, tí wọ́n sọ ilé ìfìwéránṣẹ́ di bárékè wọn, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì tí àyà obìnrin náà kì í já. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí pópó, nítorí náà bàtà àwọn ológun ni ó máa ń kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ojú oníbàárà.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí bí ó bá ń lẹ táyà, ẹnu rẹ̀ a máa bá ọwọ́ rẹ̀ sáré ni. Nígbà tí àwọn àjèjì kéde pé ìlú yóò dìbò yan olórí fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹni tó gba ilé mi ló ń bi mí pé yàrá wo ni mo fẹ́ sùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n màá dì í. Tíṣà àgbà ni màá dì í fún, kì í ṣe ẹni tiwọn."

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Alápatà dà?"

Alápatà ìkòríta ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò fẹ́ ọkùnrin tí àwọn ológun fẹ́ fi joyè. Wọ́n mú un lọ. Títí di ìsinsìnyí, ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ sí ẹnu géètì bárékè, wọ́n sì ń dá a padà ní tútù.

"Ojú títì ni ìyẹn ti sọ tiẹ̀," ọkọ rẹ̀ ní. "Ẹ̀yìn kọ́tìnì lèmi máa ti sọ tèmi. Ta ló máa rí mi níbẹ̀?"

Kọ́tìnì yẹn gan-an ni ògbufọ̀ gbé wá fún Ìyá Ìbejì pé kí ó rán. Ọmọ ìlú ni ògbufọ̀ náà, àwọn ológun ló ń ṣiṣẹ́ fún. Aṣọ funfun ni kọ́tìnì náà, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Obìnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìtẹ́nú, ìyẹn aṣọ kejì tí wọ́n ń rán mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí inú má baà hàn síta. Ó gé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, ó fi tẹ́ ẹ nínú.

Nígbà tí ògbufọ̀ padà wá, tó fọwọ́ pa á wò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ní kí ẹ fi ìtẹ́nú sí i, ìyá?"

"Ó fẹ́lẹ́ jù ni, ọmọ mi. Mi ò lè rán an báyẹn, àwọn èèyàn á ní mi ò mọṣẹ́."

"Ẹ tú u." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fèrèsé wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n máa ta á sí. Oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ tú u kí wọ́n tó bi mí pé ta ló rán an."

Ojú ògbufọ̀ níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti tú u. Abẹ ya á níka. Ó ti yé e. Àwọn ológun ti kéde pé àpótí méjì ni yóò wà lẹ́yìn kọ́tìnì: ti ọ̀tún fún ọkùnrin àwọn ológun, ti òsì fún Tíṣà àgbà. Ibi yòówù tí èèyàn bá na ọwọ́ sí, òjìji rẹ̀ yóò sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó síta.

Ó yẹ kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí Ọ̀rọ̀-Ò-Tán bá gbọ́, àdúgbò ti gbọ́ nìyẹn, àwọn ológun kò sì ní í pẹ́ mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó wá ní ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun.

Ọjọ́ ìbò pé. Ìlà gùn níwájú ilé ẹ̀kọ́. Nínú kíláàsì, ológun kan jókòó, ó dojú kọ kọ́tìnì, ìbọn wà lórí itan rẹ̀.

"Bí ẹ bá rí i pé mo pẹ́ níbẹ̀," Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ń sọ fún àwọn tó wà nítòsí, "ẹ má jí mi o. Ó pẹ́ tí mo ti sùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú. Ó ku ẹnì kan níwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó tò sẹ́yìn rẹ̀, fà á lẹ́wù.

"Bàbá Ìbejì, kọ́là yín wọ́." Ó súnmọ́ ọn bí ẹni ń tún un ṣe, ó sì sọ sí i létí pé, "Wọ́n ń rí inú kọ́tìnì yẹn. Èmi ni mo rán an, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí àwọn ọmọ."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

Ó bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Òjìji rẹ̀ yọ kedere lára aṣọ funfun náà, fìlà rẹ̀, èjìká rẹ̀, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà nà sí òsì, ó sì dúró. Ológun tẹ̀ síwájú lórí àga. Láti ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ìbejì ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ náà padà, ó kọjá níwájú àyà, ó sì sọ ìwé sí ọ̀tún.

Nígbà tó kan òun náà, ọ̀tún ló sọ tirẹ̀ sí, kíákíá, bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Rédíò ní ìbò náà lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, pé ará ìlú yan ẹni tó wù wọ́n. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ń lẹ táyà lọ. Aládùúgbò kan tó gbé kẹ̀kẹ́ wá dúró tì í.

"Àní, o ò tíì sọ fún wa. Ta lo wá dì í fún?"

"Ẹ bi ìyàwó mi," ó ní, láìgbé ojú sókè.

Ológun méjì ń kọjá lọ ní pópó. Ìyá Ìbejì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ gidigidi, láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má jẹ́ kí àwọn ológun gbọ́ ìdáhùn náà.