"A Dúpẹ́" Tó Wọ Inú Fáìlì Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni fáìlì ìtọ́jú mi dé sílé wa ní Thamesmead nílùú òyìnbó, nínú àpò lẹ́tà ńlá kan tí kò lè gba ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tó gbé e wá fi í ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níta, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kí n tó rí i. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ kí ọsibítù tó fi í ránṣẹ́. Wọn ò dáhùn èkíní. Nígbà tí wọ́n dáhùn èkejì, wọ́n ní kí n fi páásípọ́ọ̀tù mi hàn, kó lè dá wọn lójú pé èmi gan-an ni mo ni ara mi. Inú ẹ̀kẹta ni mo ti wá ka òfin fún wọn ní ìpín-ìpín, nítorí mo kàwé, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka òfin.

Mo tẹ́ ìrọ̀rí méjì sórí àga, mo jókòó, mo mú bírò pupa. Mo ti ṣetán láti fa ìlà sábẹ́ gbogbo irọ́ wọn.

Iṣẹ́ abẹ ìpá ni wọ́n ṣe fún mi. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ọkùnrin kì í dárúkọ àìsàn yẹn sókè. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orin la máa ń fi í kọ lé ẹni tó bá ní in lórí. Nítorí náà, nígbà tí kókó kan yọ síbi tí itan ọ̀tún mi ti pàdé ikùn, lẹ́yìn tí mo gbé ọkùnrin sísanra kan tó ṣubú nílé rẹ̀ dìde lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú tí mò ń ṣe, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi ẹ̀wù gígùn bò ó. Ọjọ́ tí mo wá fẹ́ sọ fún ìyàwó mi, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

"Daddy, ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ bò ó. Látìgbà tí ẹ ti ń wọ ṣòkòtò wẹ̀ ni mo ti mọ̀."

Mo fẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe fún mi hàn kedere. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni wọ́n tó gbé fọ́ọ̀mù wá kí n buwọ́ lù ú, nígbà tí mo ti bọ́ra tán, tí mo wà nínú ẹ̀wù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀. Ta ló máa ń jà nínú irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé fọ́ọ̀mù náà dání sọ pé àwọ̀n kékeré kan, tí wọ́n fi okùn bíi ti rọ́bà hun, ni wọ́n máa fi dí ihò tí ìfun ń gbà yọ, pé ẹran ara á sì hù bò ó. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo bi í pé ṣé ìrora rẹ̀ lè wà níbẹ̀ kó má lọ mọ́. Ó ní, "Ojoojúmọ́ la máa ń ṣe é." Ìyẹn kọ́ ni mo bi í.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Àwọ̀n náà wà níbẹ̀, ìrora náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá jókòó pẹ́, á ro mí. Bí mo bá dìde lójijì, á fà. Bí bọ́ọ̀sì bá gun àwọn òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì kí mọ́tò má baà sáré, á gún mi wọ inú itan. Nígbà mìíràn, mo kàn dúró jẹ́ẹ́ ni, á sì gbé mi bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n kọ̀wé fi mí ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìrora tí kì í lọ. Ìgbà márùn-ún ni mo lọ rí dókítà. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ní kí n máa lo oògùn tí mò ń lò lọ. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, wọ́n dáhùn pé kò sí ohunkóhun nínú àkọsílẹ̀ mi tó fi hàn pé mo nílò rẹ̀. Ìdí tí mo fi béèrè fún àkọsílẹ̀ náà nìyẹn.

Mo ṣí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ: aláìsàn ní ara òun le, kò ráhùn. Ìgbà kejì: aláìsàn ní òun wà dáadáa. Ìgbà kẹta: ara rẹ̀ dá ṣáṣá, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà kẹrin, wọ́n kọ ọ́ pé ìrora mi jẹ́ méjì nínú mẹ́wàá. Ìgbà karùn-ún: kò sí àyípadà. Bírò pupa fẹ́ ya ìwé náà.

"Irọ́!" Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná.

"Ta ló parọ́?"

"Dókítà. Ní ìgbà márùn-ún, lákọsílẹ̀."

Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó sì rọra jókòó. Ilé àwọn arúgbó lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Daddy, tí ẹ bá wọlé tọ dókítà, kí ló máa ń kọ́kọ́ sọ?"

"Ó máa ń kí mi ni."

"Ó máa ń ní kí ni?"

"Ó máa ń ní, báwo ni ara?"

"Kí lẹ sì máa ń sọ?"

Mo tún mú bírò pupa.

"Ẹ fi bírò yẹn sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ o."

"Mo máa ń sọ pé ara le, a dúpẹ́. Ìkíni ni! Ẹni tó bá kí mi, ṣé kí n da àìsàn lé e lórí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?"

"Kò kí yín. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí ẹ bá sọ ló máa kọ."

"Ó yẹ kó tún bi mí."

"Nítorí kí ni? Ṣebí ẹ ti dáhùn."

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í ṣe ti òótọ́, ti ẹ̀yẹ ni. Ẹni tó wá wo aláìsàn á kí i, aláìsàn á ní a dúpẹ́, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, omi á dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlejò tó máa fa àga mọ́ra, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ó dáa, báwo ló ṣe ń ṣe yín gan-an?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà márùn-ún ni mo jókòó síwájú dókítà, tí mò ń retí kó fa àga mọ́ra. Òun sì ti kọ ọ́ pé ara mi le, ó ti ń wo aago.

Ti méjì nínú mẹ́wàá yẹn ńkọ́? Mo rántí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Mummy kan tó jẹ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí mi bí mo ṣe di ògiri mú kí n tó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má fẹnu ẹ pe àìsàn ńlá wá sára ẹ o." Nígbà tí dókítà ní kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́, mo rò ó pé ẹni tí ìrora rẹ̀ bá tó mẹ́wàá ti kú, ẹni tó bá sì ní mẹ́jọ ti ń fọwọ́ pe ikú. Mo ní méjì. Ìgbàgbọ́ ni mo fi sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìgbàgbọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, mi ò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn mọ́, nítorí náà wọ́n fi mí sọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní Connaught Estate, tó jẹ́ ṣójà ní ìgbà èwe rẹ̀. Oògùn ni mo ń fún un, mo ń ṣe tíì fún un, mo sì ń bá a wọ bàtà. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá bi í pé báwo ni, á kà á fún mi láti òkè délẹ̀: èjìká, orúnkún, ìgbẹ́ tí kò jáde, ajá aládùúgbò. Èmi á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ pẹ̀lú aago, nítorí wọ́n kọ́ wa pé ohun tí a ò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀. Kí n má parọ́, mo ti máa ń rò ó lọ́kàn pé wọn ò kọ́ bàbá yìí nílé.

Lọ́jọ́ yẹn, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ojú kì í tì yín láti máa sọ gbogbo eléyìí?"

"Ó ń tì mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, kí lo máa kọ?" Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ síbi bàtà yìí lo máa ń di abẹ́ ikùn rẹ mú. Ta ló ń kọ tìẹ?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, a dúpẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gba àyè lọ́dọ̀ dókítà mìíràn ní Woolwich. Ìyàwó mi gba àyè níbi iṣẹ́ kó lè tẹ̀ lé mi. Nínú bọ́ọ̀sì, ó sọ ara rẹ̀ di dókítà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo ni ara yín lónìí?"

"Ara l..."

"Daddy!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì wẹ̀yìn. Obìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Báwo ni ara yín?"

"Kò burú..."

"Kò burú ni wọ́n máa kọ o. Ẹ lè kọ lẹ́tà mẹ́ta láti fi bá wọn jà, ẹ ò lè fẹnu lásán sọ pé ó ń dùn yín?"

Obìnrin ni dókítà náà, kò tó ọmọ ogójì ọdún. Mo wọlé, mo jókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Báwo ni ara yín lónìí?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré. Àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ ni mo ti fi ń dá ìbéèrè yẹn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti gbéra. Ìyàwó mi fi bàtà tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo rò ó pé bí mo bá tún sọ ọ́, ìgbà kẹfà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí mo tún lè fi sùn.

"Ara mi ò le," mo ní. Ojú tì mí bí ẹni tó bọ́ra lójú ọjà.

Mi ò mọ bí màá ṣe máa bá a lọ, ni mo bá sọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ti bàbá ṣójà. Aago mẹ́fà àárọ̀: mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, apá ọ̀tún, ó fà, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kí n tó rìn. Aago mẹ́jọ: bọ́ọ̀sì, ó gún mi wọ inú itan. Aago mẹ́wàá: mo bẹ̀rẹ̀ síbi bàtà, ó gbé mi, mo di tábìlì mú. Ó ní kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́. Mo ní méje, tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì, mẹ́jọ. Ilé ò wó.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, mo ní kó jọ̀ọ́ kó ka ohun tó kọ sí mi létí. Kò bínú, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, àní ti tábìlì. Lójú mi níbẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìrora.

"Kò sí èyí kankan nínú àkọsílẹ̀ yín tẹ́lẹ̀," ó ní.

"Mi ò sọ ọ́," mo ní. "Ṣùgbọ́n àwọn náà ò bi mí dáadáa." Òótọ́ ni méjèèjì, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀kan ra èkejì.

Nílé, mo yọ ẹ̀sùn irọ́ kúrò nínú ìwé ẹ̀sùn tuntun tí mo ti ń kọ sí ọsibítù. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ẹ wá fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ nìyẹn?" Mo ní ọ̀kan ni mo yọ, ti fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀, ti ìbéèrè tí wọn ò dáhùn náà wà níbẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́.

Wọ́n ti ń fún mi ní abẹ́rẹ́ sí ibi iṣan náà báyìí, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe lè dìde láìfà á. Kò lọ. Wọ́n sọ fún mi láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ó lè má lọ, mo sì fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin, lọ́jọ́ bọ́ọ̀sì ó di márùn-ún. Mò ń sùn. Bí oòrùn bá ràn, mo máa ń rìn yí Woolwich Common ká láìdúró, ìyàwó mi ló máa ń ní kí a sinmi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mummy àgbà yẹn bi mí pé ara ńkọ́. Mo ní, "Ó ń dùn mí, Mummy. Ṣùgbọ́n ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ó ní. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá fa àga mọ́ mi. "Ibo ni wọ́n ti ń tọ́jú ìrora tìrẹ yẹn? Orúnkún mi yìí, ọmọ mi, ọdún kẹsàn-án rèé." Odindi wákàtí kan la fi jókòó síbẹ̀, tí àwa méjèèjì ń fẹnu pe ńlá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọsibítù dáhùn. Wọ́n tọrọ àforíjì nítorí fọ́ọ̀mù àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gbà pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún mi pé ìrora lè kù. Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sínú fáìlì mi títí láé pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, aláìsàn ń ní ìrora tí kì í lọ ní abẹ́ ikùn, lápá òsì.

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi gún mi, lápá ọ̀tún.

"Kí ló dé?" ìyàwó mi ní.

"Mo jàre. Apá tí mi ò fi sùn ni wọ́n dá láre."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Daddy, abẹ́rẹ́ ṣáà ń wọ ibi tó yẹ."

Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo fa ìwé jáde, inú mi dùn dé ibi tó yẹ kó tì mí lójú, mo sì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ṣé púpọ̀ fún ìdáhùn yín. Apá ọ̀tún ni."