Bí Okùn Bá Já

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ní Ọ̀yọ́, kànga ni bàbá mi ń gbẹ́ jẹun. Okùn ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì á dì í mú lókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń múra àtilọ, mo rí i pé okùn náà ti ń tú lójú kan. Mo ní, "Bàámi, bí okùn yìí bá já ńkọ́?"

Yéè! Ìyá mi gbá mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ yọ. "Tutọ́ dànù! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo tutọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá dárúkọ aburú ló pè é wá. Okùn tuntun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn o! Bàbá mi wò ó, ó mirí. Ó ní bí òun bá pààrọ̀ okùn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, a jẹ́ pé òun ti gba aburú náà wọlé nìyẹn. Èyí tó ti gbó ló gbé lọ.

Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó dá okùn lẹ́bi, ẹnu mi ni wọ́n dá lẹ́bi. Títí ìyá mi fi kú, bí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù á máa bà á.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní àdúgbò Under G. Ó ń kọ́ èdè Japan torí iṣẹ́ tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, "man ga ichi", tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ṣòro kó ṣẹlẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ẹgbàárùn-ún ìgbà. Bí ilẹ̀ bá mì ńkọ́? Bí iná bá sọ ńkọ́? Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á sì múra sílẹ̀ dè é.

"Wọn kì í tutọ́?"

"Rárá o, Màmá."

Mo ní kó kọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ahọ́n mi fi bá a jà. Nígbà tó ní kí n wá gbólóhùn tèmi, ẹyọ kan ló wà nínú mi, ó sì bá mi tò ó: "Man ga ichi rōpu ga kiretara," ìyẹn ni pé, bí okùn bá lọ já. Mo pè é tán, mo yára fọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó gbá mi.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, Màmá! Ó ku bí ẹ ṣe máa parí ẹ̀."

Ẹkún ni mo fi parí rẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀rọ ló ń gbẹ́ kànga báyìí. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ ládùúgbò yìí tí ẹ ń gbá ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ bá ní okùn fẹ́ já, ẹ kọ́kọ́ wo okùn ná.