Imú Mi Lórí Àtàǹpàkò Ọkọ Mi

Nígbà tí mo bá ń fún ọmọ lọ́yàn, fóònù ló máa ń wà lọ́wọ́ mi kejì. Orí ẹ̀ ni mo ti ń ṣàwárí àwọn tó ń fi ọwọ́ ya àwòrán. Bí mo ṣe rí ọmọbìnrin kan nìyẹn, tó ń fi gègé àti íǹkì ya ojú èèyàn, ní àdúgbò D-Line, ní Port Harcourt níbí.

Ọkọ mi yọ ṣùtì. "Ta ló tún ń fọwọ́ ya àwòrán láyé yìí? Ẹ̀rọ ni jàre."

"Tó bá jẹ́ ọwọ́ ńkọ́?"

"Màá fọ nápì ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko."

Háà! Èmi tí ọṣẹ ti fẹ́ẹ̀ bó lọ́wọ́! Mo pọn ọmọ, mo fa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, a wọ kẹ̀kẹ́.

Àgùnbánirọ̀ láti Òṣogbo ni ọmọbìnrin náà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ló jókòó sí.

"Mà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹnu yín ń sá kúrò níbi tí mo fi í sí."

Nígbà tó parí, mo wo bébà. "Àbúrò, ṣé imú mi nìyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Bí mo ṣe bá a ni mo yà á."

Ọmọ mi àgbà, tí Píjìn yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, gbè é lẹ́sẹ̀: "Mọ́mì, na your nose be that o."

Nígbà tí a délé, ọkọ mi yí bébà náà síwá-sẹ́yìn. "Fọ́tòkọ́pì ni. Ṣebí iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn lo ti gbà á."

Inú bí mi. Mo na bébà sí ọmọ mi, tí gbogbo ẹ̀ ṣojú ẹ̀. "Gbà, yà á fún dádì ẹ!" Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó mú bírò, kó ṣe bí àǹtí ṣe ń ṣe. Ọmọ Port Harcourt ò mọ̀ pé yà yàtọ̀ sí ya. Fààà! Ó ya á sí méjì, ó wá ń wojú wa bóyá òun gbìyànjú.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi inú ife ọwọ́ ẹ̀ fi dà sí i lára. Ọwọ́ tútù yẹn náà ló fi ń to bébà pọ̀. Nígbà tó máa gbé e kúrò, íǹkì imú mi ti bá àtàǹpàkò ẹ̀ lọ.

"Dádì," mo ní, "fọ́tòkọ́pì wo ló ń ṣí báyìí?"

Ó wo àtàǹpàkò, ó wò mí. "Imú yìí tiẹ̀ tóbi lóòótọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ kọdọrọ sídìí bàsíà nápì. Mo pe ọmọ mi: "Wo dádì ẹ. Yà á!"

Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Mọ́mì, which one?"

Mo fún un ní bírò.