Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fọ̀ Kúrò Lára Ẹ̀wù Ọmọ Mi

Oòrùn tètè mú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kí n tó mu ẹ̀kọ tán, ẹ̀wù Sẹ́wànú ọmọ mi ti gbẹ lórí okùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nìyí.

Sẹ́wànú wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó ń retí ìdájọ́. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, àwa ìyá máa ń gba aṣọ ìdọ̀tí àwọn ọmọ wa lọ fọ̀. Èyí tí mo gbà lọ́sẹ̀ náà kún fún ẹ̀jẹ̀. Sẹ́wànú ní wọ́dà kan ló na gbogbo yàrá wọn ní kóbókò nítorí pé wọ́n béèrè omi, wọ́dà náà sì búra pé òun ń padà bọ̀.

Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọmọ mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Mo bi í pé balùwẹ̀ wo ló ń mú kóbókò lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá ní ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà, ti ọgbà ni. Ìyá kan láti Àràdàgún, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní yàrá yẹn, ló ní àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ló yẹ ká fẹjọ́ sùn. Àwa méjèèjì lọ.

Agbẹjọ́rò tí a bá níbẹ̀ kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá tú ẹ̀wù náà síwájú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, mo tilẹ̀ ti lọ̀ ọ́.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ náà dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ ni n ó gbé wá síwájú yín ni?"

Ó fi bírò sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí yín, màmá."

Ìyá Àràdàgún wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọṣẹ rẹ mà dáa o. Ó ti fọ ẹjọ́ wa dànù."

Inú bí mi, ara mi ni mo sì ń bínú sí jù. Àwọn àgbà ní ẹjọ́ là á kọ́, a kì í kọ́ ìjà. Ta ló kọ́ mi?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, n kò ní parọ́ pé a borí. Wọ́n gbé wọ́dà náà lọ sí ọgbà mìíràn, kò sì padà sí yàrá yẹn mọ́. Ìyẹn la rí gbà. Sẹ́wànú ti wálé, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Kóòtù tí wọ́n ní àwọn yóò gbé wọ́dà náà lọ, à ń retí rẹ̀ títí dòní. Oṣooṣù ni mo ń lọ béèrè, oṣooṣù ni wọ́n ń ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù mi kò tán, ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí.

Wọn kì bá tí gbé wọ́dà náà kúrò rárá, bí kò bá ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì tí a lọ bá agbẹjọ́rò náà. Ọjọ́ ìbẹ̀wò ni. Láti àárọ̀ ni mo ti dúró lẹ́nu géètì, mo ń sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan pé kò gbọdọ̀ fọ aṣọ tó bá gbà. Àwa tí a mọ̀wé kọ kò pọ̀, nítorí náà oníkálukú ya etí gèlè rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ kó má baà pààrọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo kó àwọn ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ náà sínú agbọ̀n kan, mo gbé e ka orí tábìlì agbẹjọ́rò yẹn. Ó fọwọ́ bo imú.

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi. A ò fọ ọ̀kankan."